Ẹ má tíì ra Mac: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú gbígbé sọ́fúwíà àwòrán kúrò lórí Windows

Láàárín oṣù kan péré, ènìyàn mẹ́ta ni ó ti bi mí léèrè irú Mac tí wọ́n lè rà, kí sọ́fúwíà 3D tí wọ́n kọ lórí Windows lè máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ògbufọ̀ (sọ́fúwíà tí ń túmọ̀ kóòdù ẹ̀rọ kan fún òmíràn) lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè sọ ẹ̀dà OpenGL (ọ̀nà tí kóòdù ń gbà bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀) tí kóòdù rẹ̀ ń lò. Inú bí mi, nítorí pé owó tí wọ́n fẹ́ ná kì í ṣe owó kékeré.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn: ríra ẹ̀rọ kí a tó mọ ohun tí kóòdù wa gbára lé. OpenGL orí macOS kò kọjá ẹ̀dà 4.1, bẹ́ẹ̀ sì ni compute shader (shader ni kóòdù tí ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì àwòrán, ti compute sì wà fún ìṣirò) kò wọ inú OpenGL títí di ẹ̀dà 4.3, tí ó jáde ní ọdún 2012. Ní ọdún 2018, pẹ̀lú macOS 10.14, Apple kéde pé àwọn ti pa OpenGL tì, wọ́n sì ní kí a máa lo Metal, ọ̀nà tiwọn fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ó bá ti fi compute shader ṣe ìṣirò ìmọ́lẹ̀ tàbí ti omi kò ní tún fáìlì kan tàbí méjì ṣe kí ó lọ sùn. Yóò tún apá àwòrán kọ ní Metal, tàbí kí ó kọ ọ́ ní Vulkan (irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ti Apple) kí sọ́fúwíà MoltenVK sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Metal (ògbufọ̀ ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó ṣeé fara mọ́).

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ra MacBook àlòkù, mo pe àbúrò mi kí ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú fèrèsé náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá àṣìṣe kí ó tó yé mi pé n kò béèrè fún core profile (irú OpenGL tí a ti yọ àwọn nǹkan àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀), tí macOS fi gbé OpenGL 2.1 lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo béèrè fún un, 4.1 ni mo rí gbà, àwọn compute shader mi mẹ́rìndínlógún sì jókòó láìníṣẹ́. Bí mo bá ti ṣẹ̀dá fáìlì glad (èyí tí ń jẹ́ kí kóòdù rí àwọn iṣẹ́ OpenGL lò) fún 4.1 nìkan, tí mo sì kọ #version 410 sórí gbogbo shader nígbà tí mo ṣì wà lórí Windows, ìdajì wákàtí ni n ó fi mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkejì, ìjìnlẹ̀ àwòrán, èyí tí ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó. Láti -1 dé 1 ni OpenGL ń kà á. Láti 0 dé 1 ni Metal, Vulkan àti Direct3D (ti Microsoft) ń kà á, Vulkan sì tún dojú Y (òòró àwòrán) kọ ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá kó matrix OpenGL rẹ̀ (àwọn nọ́mbà tí ń gbé ohun 3D sí ojú àwòrán) lọ bẹ́ẹ̀ yóò máa rí i tí ohun tí ó súnmọ́ kámẹ́rà jù ń gé kúrò.

Ìkẹta, orúkọ fáìlì: ọ̀kan náà ni Igi.png àti igi.png lójú Windows, ṣùgbọ́n Linux mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n fèrèsé fún glViewport (àṣẹ tí ń sọ ibi tí OpenGL yóò ya àwòrán sí) lórí ojú Retina, ojú Mac tí píkísẹ́lì rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tí fèrèsé ń sọ lọ, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán yín há sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ìwọ̀n framebuffer (iye píkísẹ́lì gan-an) ni ó tọ́. Báìtì mẹ́rin ni long (irú nọ́mbà odidi kan nínú C àti C++) lórí Windows, mẹ́jọ ni lórí Linux àti macOS tí wọ́n jẹ́ 64-bit, nítorí náà fáìlì tí ẹ fi long kọ yóò di rúdurùdu. Láti ọdún 2020 tí M1, ṣíìpù tí Apple fúnra wọn ṣe, ti dé, kóòdù SSE (àwọn àṣẹ ṣíìpù Intel àti AMD) kò lè ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìsí Rosetta 2, ògbufọ̀ Apple, ẹni tí ó bá sì gbára lé Rosetta 2 kò tíì gbé nǹkankan débẹ̀.

Ti 99 dọ́là ọdọọdún tí Apple ń gbà kí a lè fọwọ́ sí sọ́fúwíà tí a fẹ́ pín fún àwọn ènìyàn ńkọ́? Ẹ kò nílò rẹ̀ láti dán iṣẹ́ yín wò lórí ẹ̀rọ ara yín. Ojúlùmọ̀ mi kan sáré san án kí onígun mẹ́ta rẹ̀ àkọ́kọ́ (ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ yà fún ìdánwò) tó fara hàn lójú Mac. Ó ti san ti ọdún kejì báyìí, onígun mẹ́ta náà kò sì tíì dé.