Ojú Ń Tì Yín Láti Béèrè Owó Yín? Ẹ Wo Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń kógbá sílé ládùúgbò wa, kì í ṣe pé ọjà wọn ò tà o. Ọjà tà, àwìn ló kó o lọ, ẹni tó ni ọjà á wá máa rí onígbèsè ẹ̀ tó ń kọjá lójoojúmọ́, kò ní lè sọ nǹkan kan, á kàn máa rẹ́rìn-ín "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà", inú ẹ̀ á sì máa ru. Ìtìjú ni, ẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀: wọ́n á ní mo láhun, wọ́n á ní mo ti gbéra ga, ìyá yẹn ò ní rajà lọ́wọ́ mi mọ́. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lé ìtìjú yẹn lọ, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni, kì í lọ bọ̀rọ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ ṣètò òwò yín débi pé tójú bá tiẹ̀ ń tì yín, owó á ṣì máa wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ ra ìwé. Orúkọ, ohun tó gbé, iye ẹ̀, ọjọ́ tó gbé e, ọjọ́ tó ní òun máa san, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ lójú ẹni náà kẹ́ ẹ sì kà á sí i létí. Ẹni tó ń fi orí ṣírò gbèsè lẹ̀rù máa ń bà jù, torí kò dá a lójú bóyá 7,000 ni àbí 7,500, ó wá ń rò ó pé wọ́n á pe òun ní òpùrọ́. Ẹ tún pinnu iye tí gbogbo àwìn yín ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ká ní ọjà inú ṣọ́ọ̀bù tó 300,000, ẹ lè ní 30,000 ni, tó bá ti pé bẹ́ẹ̀ níta, ó parí, àfi tówó kan bá wọlé. Tí àǹtí kan bá wá dé, ẹ ò ní máa wá irọ́ tẹ́ ẹ máa pa, ẹ kàn máa sọ pé "Ẹ má bínú mà, àwìn tí mo lè tà ti kún, ẹ jẹ́ ká mú èyí tówó ọwọ́ yín bá ká."

Nǹkan kékeré kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí dáadáa, ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń di ọjà ni. Kọ́sítómà á máa pe nǹkan tó fẹ́, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, ẹ̀yin náà á máa kó o sínú ọ̀rá bó ṣe ń pè é, ẹ ó so ó, ẹ ó nà án sí i, ìgbà tó gbà á tán ló máa wá sọ pé "háà, mo mà gbàgbé owó sílé o". Ta ló fẹ́ já ọ̀rá gbà lọ́wọ́ ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀? Torí náà kí ọjà dúró lórí káńtà, ẹ ṣírò ẹ̀, ẹ pe iye ẹ̀, kẹ́ ẹ dúró. Ìgbà tówó bá jáde tàbí tí álátì bá wọlé lẹ tó fa ọ̀rá yọ.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ lọ béèrè owó, ẹ má dúró dìgbà tínú bá bí yín. Tó bá ku ọ̀la kí ọjọ́ pé, ẹ pè é láàárọ̀, òun nìkan, kì í ṣe níwájú ọmọ ẹ̀, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Owó ìrẹsì yẹn ni, 18,500, ẹ ní ọ̀la, mo fẹ́ fi kún owó ọjà mi." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ibí yìí lọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́, ara wa ò gba ìdákẹ́ yẹn, ẹnu á wá yá wa: "àmọ́ tí ò bá tíì sí, kò burú o, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu". Ẹ ti fẹnu ara yín fún un lóṣù kan sí i, bẹ́ẹ̀ òun ò tíì bẹ̀bẹ̀ rárá! Ẹ jẹ́ kóun sọ̀rọ̀. Tó bá ní kò tíì pé, ẹ gba èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kódà kó jẹ́ 3,000, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ jọ dá ọjọ́ míì. Èmi ò fara mọ́ kéèyàn máa gbé fọ́tò onígbèsè sórí status, ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ káàkiri láyé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn láwìn, wọ́n á dá ọjọ́, tọ́jọ́ bá pé wọ́n á dé, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní òṣómàáló dòní. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni o. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ẹnu ò ní ya oníbàárà tí wọ́n bá dé, látọjọ́ tó ti gba aṣọ ló ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀rù fífi owó lé ọjà náà wà. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí náírà tún já wálẹ̀ lóṣù kẹfà, àwọn tó ń tijú kọ́sítómà ṣì ń ta ọjà níye àtijọ́, ìgbà tí wọ́n padà sọ́jà, owó ọwọ́ wọn ò lè ra iye ọjà tí wọ́n tà mọ́. Páálí tẹ́ ẹ rà ní 10,000, tẹ́ ẹ tà ní 11,500, tó sì ti di 12,000 lọ́jà, ẹ ti pàdánù 500 lórí ẹ̀, ẹ sì rò pé ẹ jèrè. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ ti ń ra ọjà kẹ́ ẹ tó dá iye lé e, ẹ sọ iye tuntun, ẹ má ṣàlàyé gígùn.

Ti ẹbí ò le jù: ẹ máa san owó oṣù fún ara yín, ibẹ̀ lẹ ti máa ran àbúrò lọ́wọ́, kì í ṣe látinú owó ọjà.

Àwọn gbèsè tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ to gbogbo ẹ̀ sínú ìwé tuntun yẹn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù, ẹni tó jẹ yín ní 1,200 rọrùn-ún pè ju ẹni tó jẹ yín ní 60,000 lọ, tẹ́ ẹ bá ti gba bíi méjì mẹ́ta nínú wọn, ẹnu yín á ti mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni ńlá. Èyí tó bá ti lé lọ́dún kan tẹ́ ẹ ti béèrè títí, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, ẹ má kà á mọ́ owó òwò yín mọ́, ẹ ṣì máa kí ẹni náà tẹ́ ẹ bá pàdé, àmọ́ owó lọ́wọ́ nìkan ni kó máa fi rajà lọ́wọ́ yín.