Wọ́n Ní Tí Mo Bá Ti Rí Ìlà Méjì, Ó Ti Dé: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Sítíríìpù Ẹyin

Owó sítíríìpù ẹyin, èyí tí a ń rì sínú ìtọ̀ láti mọ ìgbà tí ẹyin obìnrin fẹ́ jáde, kò tó nǹkan. Owó ọkọ̀ àti àyè iṣẹ́ tí ọkọ mi fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ìtajà kan ló ń dùn mí. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹyin mi fẹ́ jáde kí n lè tètè pè é wálé. Ọmọbìnrin tó wà ní kẹ́míìsì ka sítíríìpù fún mi láti inú páálí ńlá, ó dì í sínú ọ̀rá, kò fi bébà ìlò sí i. Ó ní, "Àǹtí, tí ẹ bá ti rí ìlà méjì, ó ti dé nìyẹn. Ẹ pe bùrọ̀dá."

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ìlà méjì yọ. Mo pe ọkọ mi. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wọ mọ́tò, gosíló há a mọ́ ojú ọ̀nà, ilẹ̀ ti ṣú kó tó sọ̀ ní Ìwó Ródù. Lọ́jọ́ kejì, ìlà méjì. Ó padà sí Èkó, ìlà méjì ṣì ń yọ. Nǹkan oṣù mi dé bó ṣe máa ń dé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Ọ̀gá ọkọ mi ti ń bínú, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ti ń dákẹ́ lórí fóònù, èmi sì ń rò pé nǹkan ti bàjẹ́ lára mi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló tú u palẹ̀. Ó ní, "Nínú ìlà méjèèjì, èwo ló pọ́n jù?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí! Ó ṣàlàyé pé èròjà tí sítíríìpù yìí ń wá, tí wọ́n ń pè ní LH, máa ń wà lára obìnrin díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí ìlà T (ìlà àyẹ̀wò) fi lè yọ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹyin kò ronú àtijáde rárá. Ti àyẹ̀wò oyún yàtọ̀, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ pàápàá ní ìtumọ̀. Ti ẹyin, àfi kí T pọ́n bíi C (ìlà tó ń fi hàn pé sítíríìpù náà ṣiṣẹ́) tàbí kó pọ́n jù ú lọ.

Láti ìgbà náà, mo ń fi sẹ́lótéèpù lẹ sítíríìpù kọ̀ọ̀kan mọ́ inú jọ́tà, mo ń fi báírò kọ déètì àti aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò lo ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá jí mọ́, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lò, mi ò sì ní mu omi púpọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 2 ṣáájú. Tí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá, mi ò ka ohun tó bá yọ kún.

Ọjọ́ tí a ó bẹ̀rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ ka iye ọjọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù kan títí di ìgbà tí òmíràn bá dé, kí ẹ yọ 17 kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 28 yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, ẹni tó jẹ́ 34 yóò dúró di ọjọ́ 17. Oṣù tèmi gùn, tẹ́lẹ̀, sítíríìpù mi máa ń tán kí ọjọ́ tó yẹ tó pé.

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí ìlà T pọ́n ju C lọ. Ẹ wo jọ́tà yẹn: fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣú díẹ̀, lójijì ó pọ́n dòò. Fúnra mi ni mo rí i, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló sọ fún mi. Wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹyin sábà máa ń jáde, kì í sì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ 5, nítorí náà ó dáa kí ọkọ ti wà nílé kí ẹyin tó jáde.

Ẹni tó ń lo Clomid (oògùn tó ń mú kí ẹyin jáde) tàbí tó ní PCOS (àìsàn tó máa ń da ìjáde ẹyin rú), ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbọ́kàn lé sítíríìpù yìí, torí ó lè tan yín. Tí ẹ bá sì ti pé ọmọ ọdún 35, tí oṣù 6 ti kọjá láìsí oyún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn bíi UCH tàbí Adéọ̀yọ́, kí ọkọ náà yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò.

Mo mú jọ́tà mi lọ sí kẹ́míìsì náà. Ọmọbìnrin yẹn wò ó, ó ní ìkan náà ni. Ẹ béèrè bébà ìlò kí ẹ tó sanwó. Bí wọn ò bá ní in, ẹ fi ọjà wọn sílẹ̀ fún wọn.