Bí ẹ ṣe lè ṣe ọjọ́ ìbí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ohun tó ń ba ìrìn àjò ọjọ́ ìbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù kì í ṣe àìlówó, èrò ló máa ń pọ̀ jù. Ẹni mẹ́fà ló dáa. Mẹ́fà jókòó sínú Sienna kan pẹ̀lú dírẹ́bà láìfún ara wọn pa, ààbọ̀ kóńgò ìrẹsì á yó wọn, ẹni tó bá sì rẹ̀ nínú wọn, ojú á tètè rí i. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá mẹ́jọ, ẹ ti di ọ̀nà méjì nìyẹn: àwọn kan á fẹ́ gun òkè, àwọn kan á fẹ́ jókòó ti kúlà, ọlọ́jọ́ ìbí á sì máa ṣe alárinà láti àárọ̀ dalẹ́.

Omi Olúmirin, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, là ń sọ níbí, torí ẹni tó ń kàwé ní Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìpele méje ni omi yìí fi ń já láti orí àpáta. Ìtàn ìlú Ẹ̀rìn sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Afinimọ̀nà tẹ́ ẹ bá gbà á sọ ìyókù fún yín.

Ìparí Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní ni àkókò tó dára jù: òjò ti lọ, omi ṣì pọ̀, ilẹ̀ sì ti gbẹ. Tó bá di Oṣù Kẹta, omi á ti fà. Láàárín Oṣù Keje sí Oṣù Kẹwàá, omi náà lágbára gan-an, ọ̀nà òkè sì ń yọ̀. Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí àsìkò yẹn, kó kúkú kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ pàdé ara wọn, tí kò sì sí òkè líle láti gùn. Ẹ yẹra fún 25 àti 26 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ kìíní ọdún àti Iléyá. Ẹ sún un sí àárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ ìbí kò ní bínú.

Ká wá sórí owó. Ẹ yan akápò kan tí kì í ṣe ọlọ́jọ́ ìbí, kí owó sì pé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá tíì san nígbà náà, ẹ má kà á mọ́ra. Ó dà bí ìkà, àmọ́ ẹ wò ó: ká ní ọkọ̀ jẹ́ 60,000 náírà, tẹ́ ẹ sì gbà pé ọlọ́jọ́ ìbí ò ní san. Ẹni márùn-ún á san 12,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹni méjì bá yẹ̀ nígbà tó ku ọ̀la, ẹni mẹ́ta tó kù á san 20,000. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wọ àárín ọ̀rẹ́. Ẹ dá owó ìwọlé, owó afinimọ̀nà àti owó oúnjẹ pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìdá mẹ́wàá àpapọ̀ lé e fún ohun tẹ́ ẹ ò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ mú náírà bébà dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máà jẹ́ kí owó kọjá.

Bẹ́ ẹ bá ń háyà ọkọ̀, ẹ bi dírẹ́bà ní nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbà: ṣé epo wà nínú owó náà, ṣé á dúró dè yín títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ṣé táyà sípíà wà níbẹ̀ tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ fún un ní ìdajì, ìdajì yòókù di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ilé. Láti Iléṣà, ẹ gba Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbéra, aago mẹ́ta sì ni kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má rin òru. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ gbogbo yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ má sì gbé àwòrán kankan sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi padà.

Aago mẹ́rin ìdájí ni kẹ́ ẹ se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kì í ṣe alẹ́ àná. Èyí tó bá sùn nínú kúlà sábà máa ń kan kó tó di ọ̀sán. Ẹ dín ata títí epo á fi léfòó. Àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ogún ọ̀rá, kò tó ẹni mẹ́fà fún odindi ọjọ́, nítorí náà kí kálukú mú ìgò omi tirẹ̀ kún un. Ẹ fi kéèkì sílẹ̀ nílé di alẹ́. Bọ́tà orí rẹ̀ á yọ́ nínú ọkọ̀.

Nǹkan kan wà tí ọlọ́jọ́ ìbí gbọ́dọ̀ ṣe kí ọkọ̀ tó dé: kó pe ilé. Kó pe ìyá tàbí ìyá àgbà, kó tan ohùn sóke, kí ọ̀rẹ́ kan fi fóònù mìíràn gbà á sílẹ̀. "Ẹ kú ojúmọ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí, kẹ́ ẹ sì sọ bí ọjọ́ tẹ́ ẹ bí mi ṣe rí." Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n bóyá òjò rọ̀, ta ló mú orúkọ wo wá, ta ló kọ́kọ́ gbé ọmọ. Oríkì yẹn, ẹnu wọn nìkan ló lè wà.

Níbi omi, ẹ wọ kánfáàsì tó ní eyín lábẹ́. Sílípáàsì á já lójú ọ̀nà. Ẹ di fóònù sínú ọ̀rá méjì. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn. Láti èkejì lọ sókè, òkè náà dúró ṣánṣán, ẹ ó máa di gbòǹgbò igi mú, nítorí náà ẹ má lọ láìsí afinimọ̀nà. Bí àpáta bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé tàbí tí ó dúdú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ariwo omi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ igbe ẹnìkejì, ẹ jọ gbà tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ méjèèjì lókè túmọ̀ sí "ẹ dúró". Ẹ má dúró sábẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an, torí igi àti òkúta lè bá a wálẹ̀. Bí omi bá sì ṣàdédé di pupa bíi ti ẹrẹ̀, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn: gbogbo yín, ẹ jáde kíá. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe ju ìgòkè lọ. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má sáré.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fún ọlọ́jọ́ ìbí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ariwo omi tó ń dí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wúlò níbí. Kí kálukú jókòó lọ́tọ̀, níbi tí ojú ti lè tó ara wọn. Kí ọlọ́jọ́ ìbí mú ìwé àti pẹ́ńsù, torí báírò kì í kọ lórí bébà tó ti gba ìrì omi. Kó má kọ "mo dúpẹ́ fún ọdún tuntun" nìkan. Kó kọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí tó kọjá tó sì pa tì, àti oṣù tó pa á tì. Kó kọ orúkọ ẹni tó dúró tì í àti ohun tí ẹni náà ṣe gan-an, bóyá ẹni tó yá a ní nóòtì nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Kó kọ gbèsè tó jẹ, ti owó àti ti àforíjì. Níkẹyìn, ohun kan ṣoṣo fún ọdún tó ń bọ̀, àti apá tó máa ṣe láàárín ọjọ́ méje. Ní àkókò kan náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ kọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan nípa ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí lára rẹ̀ lọ́dún náà, kí wọ́n sì fi sínú àpòòwé.

Ẹ kó gbogbo ọ̀rá omi padà. Tẹ́ ẹ bá délé, kí akápò ka owó tó ṣẹ́ kù lójú gbogbo yín, kó sì dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gé kéèkì, kí ọlọ́jọ́ ìbí sì wá já àpòòwé rẹ̀.