Bí A Ṣe Ń Ṣe Bọ́gà Nílé Pẹ̀lú Wàrà àti Dòdò

Ẹran màlúù lílọ̀ tí ó ní ọ̀rá díẹ̀ nínú ni kí ẹ rà, nítorí pé èyí tí kò ní ọ̀rá rárá yóò gbẹ bí ó bá ti kan iná. Ìdajì kílò tó fún bọ́gà mẹ́rin. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ títí yóò fi fẹ̀ ju búrẹ́dì rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọnú, kí ó má baà wú. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí iná gan-an ni kí ẹ wọ́n iyọ̀ sí i.

Wàrà ni èmi fi ń rọ́pò ṣíìsì òyìnbó. Bí a bá gé e pẹlẹbẹ tí a sì dín in, kì í yọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ kí ẹ tó jù ú sínú òróró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òróró á ta sí yín lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ jù ló dára fún dòdò.

Ẹ dín ẹran náà nínú páànù gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí inú rẹ̀ yóò fi jinná dáadáa. Ẹ má ṣe fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi rẹ̀ ni ẹ ń fún dànù yẹn. Ata díndín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa búrẹ́dì tí ẹ ti yan, kí ẹran tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wàrà, dòdò àti àlùbọ́sà tútù.