Táìlì Kọ́ Ló Ń Dá Omi Dúró: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Iṣẹ́ Balùwẹ̀

Táìlì tó dára lè má mu omi, ṣùgbọ́n gíráùtì, ìyẹn símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín táìlì, ń mu ún díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá wẹ̀. Ọ̀dà adènà-omi tó wà lábẹ́ táìlì ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ti ṣì í ṣe níbẹ̀, tí àjà yàrá ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n, tàbí tí ọ̀dà ẹ̀yìn ògiri ń bó, kò sí ohun tí a lè fi pa ojú táìlì tí yóò wò ó sàn. Títú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ

Lójú tèmi, èyí ló burú jù. Ọ̀pọ̀ máa ń kun ọ̀dà adènà-omi sórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á ní tí àwọn bá ń lẹ táìlì, àwọn á fi gọ́ọ̀mù mú un dagẹ̀rẹ̀. Ojú táìlì á dagẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó bá gba gíráùtì kọjá yóò bá ọ̀dà tó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, kò ní rí ibi ṣàn sí, yóò sì máa rùn síbẹ̀. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ ọ̀dà ni kó ti dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bí igun tó jìnnà jù bá fi mítà 1.5 jìnnà sí ihò, ó yẹ kó ga ju etí ihò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 3. Kí ẹ tó ṣí ike ọ̀dà rárá, ẹ da omi sílẹ̀ kí ẹ wo ibi tó bá dúró sí. Ibi tí ó bá dúró sí, ẹ tún un rẹ́.

Ìkánjú náà wà níbẹ̀. Símẹ́ǹtì tuntun tí omi inú rẹ̀ kò tíì gbẹ lè ti ọ̀dà kúrò lára, kó wú bí ìléròrò. Nǹkan bí ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń fún ilẹ̀ símẹ́ǹtì lásán. Oríṣi tó ń yára gbẹ wà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀. Ẹ gbá eruku kúrò, kí ẹ sì lo ọ̀dà àkọ́kùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀dà náà sọ pé kó ṣáájú. Ọ̀dà ilé lásán kì í ṣe adènà-omi, ohun yòówù tí ẹni tó ń tà á bá sọ.

Igun àti ẹnu ihò omi

Àárín ilẹ̀ kì í sábà jò. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri ló máa ń jò, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í sún bákan náà, ọ̀dà tó wà láàárín wọn á sì ya. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ téèpù aláṣọ mọ́ inú ọ̀dà àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù, tí wọ́n á sì tún kun ọ̀dà bò ó. Ẹni tó bá fo téèpù nítorí pé ọ̀dà òun "nípọn dáadáa" kò tíì ṣe igun kankan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí páìpù tó yọ lára ògiri ká pẹ̀lú.

Ẹnu ihò omi ni kí ẹ dúró tì jù. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ gun orí etí ihò náà, kó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Bí ó bá dúró díẹ̀ kó tó débẹ̀, omi tó ti rìn lórí ọ̀dà láti igun yóò wọ inú kọ́nkéré ní ẹ̀gbẹ́ ihò tó yẹ kó gbé e jáde.

Ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán, ni kí ẹ kùn ún. Bí ẹ bá rí àwọ̀ méjì rà, ẹ lò wọ́n, kí ibi tí burọ́ọ̀ṣì kò kàn lè hàn. Ẹ má fi omi là á. Ẹ ṣírò pẹ̀lú: ike tí wọ́n ní yóò tó ilẹ̀ mítà 5 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ wá fi kun ìlọ́po méjì ìyẹn, ẹ ti kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Níbi tí omi ti ń tú sára ògiri, ẹ gbé e ga ju orí ṣáwà lọ. Lára ògiri yòókù, sẹ̀ǹtímítà 15 tó.

Fífo ìdánwò omi

Ìdánwò yìí kò gba owó, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fò jù. Nígbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ dénú, ẹ dí ihò, ẹ dí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ da omi sílẹ̀ débi tí yóò fi bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dé lára ògiri, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Tí omi bá fà sẹ́yìn gan-an, tàbí tí àjà ìsàlẹ̀ bá rin, ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹnikẹ́ni tó gbé táìlì wọlé. Ilẹ̀ nìkan ni èyí ń dán wò o. Kò sọ ohunkóhun nípa ògiri.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí wọ́n má fi bàtà oníyanrìn rìn lórí ọ̀dà, kí wọ́n má sì po símẹ́ǹtì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá lẹ táìlì tán, sílíkónì ni kí wọ́n fi dí igun ilẹ̀ àti ògiri, kì í ṣe gíráùtì. Kí ẹ sì ya àwòrán ògiri kí táìlì tó bò ó, nítorí ẹni tí yóò wá lu ihò fún ìkọ́ aṣọ lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ ibi tí páìpù gbà.