Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí kì í tètè gba nǹkan láti fi ẹsẹ̀ kan dúró

Ẹ bọ́ bàtà ọmọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ròyìn ilẹ̀ fún ọpọlọ, bàtà tó nípọn kì í sì í jẹ́ kí ìròyìn náà dé. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú. Ní Abẹ́òkúta níbí, tí àpáta ń yọrí láàárín àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dáa jù. Ẹ má tẹ́ ẹní o, ẹní a máa yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Tó bá jẹ́ ọmọ tó ní Down syndrome ni, ìyẹn ipò kan tí wọ́n bí mọ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kó tètè gba nǹkan, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọrùn rẹ̀ wò, torí egungun òkè ọrùn àwọn mìíràn nínú wọn kò dì mọ́ra tó. Òkìtì títa ò sí nínú eré tiwọn. Iṣan wọn máa ń rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ má pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó máa rìn lórí ìlà. Àjákù àdìrẹ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ ni èmi ń lò, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì náà dáa, àmọ́ ẹsẹ̀ á pa á rẹ́ kí ẹ tó mọ̀.

Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kan ni wàhálà dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe ni pé wọ́n á di ọwọ́ ọmọ méjèèjì mú, wọ́n á nà á sókè. Ọmọ á wá so rọ̀ bí aṣọ tí a sá. Apá yín ló gbé e dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ṣubú, ẹ ní kò lè ṣe é.

Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ di egungun ìbàdí rẹ̀ mú. Ẹ má tíì gbé ẹsẹ̀ kankan! Ẹ rọra tì í sí ọ̀tún títí ẹsẹ̀ òsì á fi fúyẹ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Kí ẹnìkan ti bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì náà. Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti fúyẹ́. Ẹ wá gbé e lé agolo mílíìkì tí ẹ ti rọ iyanrìn kún, kó kàn fara kàn án lásán. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó tó. Ẹ yí i sí ẹsẹ̀ kejì.

Kí ojú rẹ̀ wà lára nǹkan kan lára ògiri, bí aago. Ọmọ tó bá ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń lọ. Ẹ má ṣàlàyé rẹpẹtẹ: ẹ ṣe é kó rí i, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “dúró.”

Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ẹ tó fi ìbàdí sílẹ̀. Ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n ọ́n ni kí ẹ wá dì mọ́ ọn nídìí, kí ẹ mú etí ọ̀já náà lẹ́yìn láì fà á. Mi ò rí bẹ́líìtì olówó ńlá tó ju ọ̀já lọ.

Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bàbá kan gbé tirẹ̀ lọ sórí àtẹ̀gùn Olúmọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Títí dòní, ọmọ náà rí àtẹ̀gùn, ó jókòó.

Tó bá ti lè dúró títí dé àrún, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n bá a ta tẹ́ń-tẹ́ń. Àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ náà ni, wọn kì í sì í tètè sú bí àwa àgbà.