Ẹ Má Tíì Da Bíà Yín Nù

Bíà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi pọn ní Manchester, kòtò ìdọ̀tí ló mu ún, odindi lítà 23. Mo da ìwúkàrà sí i, mo dé e, mo ki ike kékeré olómi bọ orí ìdérí, èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde tí yóò máa dún "pọ́kọ́, pọ́kọ́". Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń retí ìkókó. Omi inú ike ò mira. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo wa bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, mo délé, inú bí mi, mo dà á nù.

Ìgbà tí mo fẹ́ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lojú tì mí. Ìfófó ti gbẹ mọ́ ara rẹ̀ yí po, bí ògì ṣe ń gbẹ mọ́ ẹnu ìkòkò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sì ki nísàlẹ̀. Ọtí ti hó tán! Ìdérí ni kò dé dáadáa, etí ẹ̀ ni gbogbo afẹ́fẹ́ ń gbà lọ. Màámi ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù: "Ṣé o ò nímú ni?"

Torí náà, ẹ gbàgbé ike olómi yẹn. Ẹ fún ìwúkàrà láyè ọjọ́ mẹ́ta. Òmíràn á ti máa hó láàárín wákàtí 12, òmíràn á lò tó 72, pàápàá nígbà òtútù. Ìwúkàrà tí èmi ń lò fẹ́ ìwọ̀n ooru 18 sí 22. Ilé ìdáná wa lóru oṣù kọkànlá ò ju 14 lọ. Mo wá fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Dádì Tóbi, kí lẹ bí, ọkùnrin àbí obìnrin?"

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí díẹ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn. Bó bá ń rùn bíi búrẹ́dì, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ta yín nímú, ó ń hó nìyẹn. Òórùn ẹyin? Ẹ má fòyà, ìwúkàrà mìíràn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, á lọ. Bó bá kan bíi fínígà, tàbí tó bu tó hu irun lórí, ìyẹn ló bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n háídírómítà ni mo gbà gbọ́ jù: gíláàsì gbọọrọ onínọ́ńbà tó ń léfòó. Ṣúgà inú ọtí ló ń gbé e sókè. Bí ìwúkàrà ṣe ń jẹ ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ló ń rì. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó da ìwúkàrà sí i, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi jẹ́ 1.042. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ohun tó mọ́ tónítóní bu díẹ̀ sínú ife gíga. Ẹ yí háídírómítà bírí, kí ìfófó tó so mọ́ ọn já kúrò, torí ó máa ń gbé e sókè tí nọ́ńbà á fi parọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín àti ojú ọtí dọ́gba, kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ má dà á padà o. Ẹ tọ́ ọ wò, adùn ẹ̀ á ti dín kù.

Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 1.020, ó ń hó, ike olómi ì báà yadi. Bí nọ́ńbà ò bá yẹ̀ rárá, tí ibẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ṣeé ṣe kí ìwúkàrà ti kú. Bóyá ẹ dà á sí i nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ ra òmíràn, ẹ dán an wò nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ṣúgà ṣíbí kan. Bó bá hó láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ dà á sí i.

Ẹ má sì kánjú rọ ọ́ sígò. Ọtí tí kò tíì hó tán máa ń fọ́ ìgò bí ìbọn.

Ike olómi orí bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì yẹn dún lẹ́ẹ̀mejì péré. Mo ka 1.010 lọ́jọ́ kejìlá, mo tún ka 1.010 lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Nọ́ńbà ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ó ti hó tán nìyẹn. Mo wá lọ wá ìgò.